Ọ̀wọ̀ Tí Kò Níwọ̀n

Ọkùnrin tí gbogbo wa ní pápá bàálù ń pè ní Mọ̀wọ̀n kì í ṣe oníwàhálà èèyàn. Bí ẹ bá rí i láàárọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀ títí tó fi le gan-an, ẹ ó rò pé ọ̀gá ilé ìwé kan ló ń bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọn èèyàn. Kì í ṣe télọ̀ o. Èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń gbé sórí òṣùwọ̀n, bí ẹni ń wọn àpò sìmẹ́ńtì, kí bàálù tó gbé e. Èmi ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ṣojú rẹ̀ ló ń ṣojú mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ gbójú kúrò.

Orí òkè gíga ni pápá wa wà. Bàálù tó ń wá síbẹ̀ kì í ṣe àwọn ràgàjì tí ẹ máa ń rí tó ń kọjá lọ lókè réré. Kékeré ni tiwa, abẹ́bẹ̀ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ìjókòó inú rẹ̀ ò sì tó ti bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ wá bá wa, ohun àkọ́kọ́ tó máa kọ́ ni pé afẹ́fẹ́ òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìsàlẹ̀. Bísíkíìtì tí wọ́n bá gbé wá láti ìsàlẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rá rẹ̀ á ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Omi wa a máa tètè hó, ṣùgbọ́n híhó ojú ayé ni, kò gbóná tó ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀wà lè wà lórí iná títí tí àlejò á fi rò pé ṣe ni ẹ̀ ń ṣahun.

Páílọ́ọ̀tì wa, àgbà ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ló là á yé mi lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ ò pọ̀. Ó ní kí n rò ó bí ẹni tó to tìmùtìmù léra wọn dé àjà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo èyí tó kù ló jókòó lé e lórí, ó ti fún pọ̀, ó ti ki. Èyí tó wà lókè, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́, ó wú sílẹ̀ ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe rí. Ó ní ooru tún ń dá kún un. Bí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ á tú ká, bí àwọn tó jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan nígbà ooru, tí oníkálùkù á máa sún kúrò lára ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀, apá bàálù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ki tó lè fi ara tì kó tó gòkè, ẹ́ńjìnnì náà sì ń fẹ́ èyí tó máa mí. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó gbé èèyàn mẹ́sàn-án láàárọ̀ tútù fi lè má lè gbé méje lọ́sàn-án gangan. Bàálù kan náà ni, pápá kan náà ni, afẹ́fẹ́ ló ti yàtọ̀.

"Nítorí náà," páílọ́ọ̀tì wí, "kí n tó gbéra, ohun mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ooru ṣe mú tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ̀ tó, àti bí ẹrù mi ṣe wúwo tó. Méjì àkọ́kọ́, mo lè fojú ara mi wò ó lára ògiri. Ẹ̀kẹta, ẹnu ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ mi yẹn kì í ṣe Mọ̀wọ̀n ni wọ́n bí i. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí obìnrin ńlá kan wọlé, obìnrin tó ga, tó sanra, tó wọ góòlù lọ́rùn lọ́wọ́, tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé báàgì tẹ̀ lé. Ọ̀rẹ́ wa fẹ́ fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́. Ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ sí òṣùwọ̀n, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá mọ ìwọ̀n ara yín."

Ẹyin lohùn. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè wa tí kò mọ irú ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Aláfojúdi ni. Obìnrin náà yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Èmi? Èmi ni kí n mọ ìwọ̀n ara mi? Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ẹ má bínú mà! Kò rí bẹ́ẹ̀ mà! Ti kílò ni mò ń sọ!"

"Kílò kí ni? Kílò bàbá ẹ!"

Bó ṣe dọ̀bálẹ̀ tó, bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó, ni àwọn èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín tó. Obìnrin náà gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, ó bá mọ́tò lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn alágbàrù ti sọ ọ̀gbẹ́ni ní Mọ̀wọ̀n. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ náà ti dé àdúgbò rẹ̀, wọ́n ti ń kí ìyàwó rẹ̀ ní Ìyàwó Mọ̀wọ̀n níbi tó ti ń pọn omi. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá bínú sí orúkọ ìnagijẹ, ó di tirẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á máa wá a kiri bí ẹni pé ó ti já. Ojú ń ti ọkùnrin náà gidigidi, ojú ò sì yé tì í.

Ohun méjì ló ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Àkọ́kọ́ dáa. Ó kan pákó kan mọ́ ojú òṣùwọ̀n, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló lè rí ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sí. Mo yìn ín fún ìyẹn, nítorí kò yẹ kí gbogbo ọjà mọ bí ìyá ẹni ṣe wúwo tó. Èkejì ni a ò mọ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i, páílọ́ọ̀tì kì í wọlé wá dúró tì í. Abẹ́ apá bàálù níta ló máa ń wà pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì àti ìwé rẹ̀, Mọ̀wọ̀n á sì máa pariwo ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí i láti ojú fèrèsé. Bí pákó bá bo abẹ́rẹ́, kò sí pákó tó lè bo ariwo. Bí àgbàlagbà bá wá gun òṣùwọ̀n, tó jẹ́ àádọ́rùn-ún ni òṣùwọ̀n kà, ọgọ́rin ni á pè é. Bí ó bá jẹ́ ọgọ́rin, á pè é ní àádọ́rin lé díẹ̀. Ìyá á sọ̀ kalẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi." Ó ń bu kílò fún wọn bí ẹni ń bu ẹ̀ní.

Kí ló dé tí bàálù ò fi kọsẹ̀? Àárọ̀ ni. Àárọ̀ kùtù ni bàálù wa máa ń lọ, nígbà tí òtútù òkè ṣì wà nílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ki dáadáa. Bàálù á kàn sáré díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á gbéra, kò sẹ́ni tó máa fura. Afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ló ń bá Mọ̀wọ̀n bo àṣírí. Òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí àṣírí kankan níbẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí wọn, ìyá ìyàwó gòkè wá láti ìsàlẹ̀ láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Mọ́tò ló wọ̀ wá, òkè yíyí lótùn-ún yíyí lósì, nígbà tó fi máa sọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Àna rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ láti kí i. Màmá jókòó, ó mú ìgò òróró ìpara láti inú báàgì, kó fi pa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó yí ọmọrí rẹ̀. Ìgò ní fùú! Òróró fò jáde, ó sì dà sórí ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà nílẹ̀, láti àtàrí dé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Yéè! Mo gbé! Àna mi, ẹ má bínú! Ta ló kó irú èyí bá mi?"

"Kò sí nǹkan kan mà," ló ń wí látilẹ̀, òróró ń kán ní imú rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni mà. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ dé mọ́nú ìgò. Nígbà tó dókè níbí, kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, ló bá ń wá ọ̀nà jáde."

Màmá wò ó títí. Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún tó àna rẹ̀ lójú Màmá. Ó ń sọ fún àwọn ará ilé pé, "Àna mi mọ ìwé afẹ́fẹ́ o! Àwọn ló ń gbé bàálù sókè!" Kò pè é ní nǹkan míì ju "àna mi àtàtà" lọ. Ẹ má gbàgbé pé ní gbogbo ìlú yẹn, obìnrin yìí nìkan ni kò gbọ́ Mọ̀wọ̀n rí. Ọkùnrin náà bẹ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ yẹn létí Màmá. Ó wá sọ fún èmi náà ní tábìlì mi. "Àǹtí, ẹ bá mi kìlọ̀ fáwọn alágbàrù. Ní ojú ìyá yẹn nìkan ni mo ti jẹ́ èèyàn." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo bá a kìlọ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò tí Màmá máa padà sílé, àna rẹ̀ ní mọ́tò kọ́, ẹsẹ̀ yẹn ò ní wú mọ́. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un. Àárọ̀ ló yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n kùrukùru bo òkè lọ́jọ́ náà, bàálù ò ríbi bà. A jókòó, a ń wo ara wa. Ọ̀sán ti pọ́n kí kùrukùru tó ká, bó sì ṣe ká tán, oòrùn yọ bí ẹni tó ń bínú. Páílọ́ọ̀tì balẹ̀, ó wọlé, ó wo ẹ̀rọ ooru lára ògiri, ó wo aago tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ̀, ó súfèé. Ó ní kí èrò méjì yọ ara wọn kúrò tẹrùtẹrù, kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n kùn, wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá kọjú sí Mọ̀wọ̀n.

"Wọ̀n wọ́n dáadáa o. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán yìí ti fẹ́lẹ́ jù. N ò fẹ́ kílò kan lé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Èrò tò. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọdébìnrin kan tó lóyún sì wà láàárín wọn. Màmá ló wà lẹ́yìn, ó gbá báàgì ńlá kan mọ́ àyà, ó da gèlè bò ó. Mo gbọ́ tí Mọ̀wọ̀n ń pariwo ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan láti ojú fèrèsé, ohùn rẹ̀ ń ròkè dáadáa. Nígbà tí ó kan Màmá, ó dúró, ó wo òṣùwọ̀n náà tìfuratìfura.

"Àna mi, kí ni wọ́n ń gorí ìyẹn ṣe?"

"Òṣùwọ̀n ni, mà. Wọ́n fi ń..." Ó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ṣe fún un rí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

"Èmi náà máa gùn ún? Lójú gbogbo ọkùnrin wọ̀nyí? Ṣé àpò àgbàdo ni mí ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń tún ìró rẹ̀ so, kò sì gbé ẹsẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn alágbàrù, ẹni tí ìkìlọ̀ mi ò wọ̀ létí, gbórí wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Mọ̀wọ̀n! Ẹ ṣe kíá, oòrùn ń pa wá níta!"

Màmá yíjú. "Ta ní ń jẹ́ Mọ̀wọ̀n?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn. Mo rí ọwọ́ ọkùnrin náà tó lọ sí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, á kó sínú rẹ̀ kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á dé. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni kí ọ̀rọ̀ náà parí, kí ìyá kọjá, kó má bàa béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ máa kọjá, mà," ó wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gùn ún. Mo ti mọ̀ ọ́n." Ó sáré sí ojú fèrèsé, ó sì ké sí páílọ́ọ̀tì pé, "Ọgọ́ta!"

Ọgọ́ta kẹ̀! Mo wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀. Bóyá láti orúnkún sókè. Mo rò pé ó fẹ́ fi ṣàwàdà kí inú ìyá lè dùn ni, pé yóò tẹ̀ lé e jáde lọ sọ òdodo fún páílọ́ọ̀tì. Ó tẹ̀ lé e jáde lóòótọ́, ó di ìyá lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn, ó gbé báàgì náà lé e lẹ́sẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ lórí kóńkéré gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó padà wá dúró tì mí lójú fèrèsé.

Bàálù bú, ó sáré. Ní ìdajì pápá, a gbé àgbá pupa kan kalẹ̀. Láàárọ̀, kí bàálù tó dé àgbá pupa, táyà rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ó kọjá àgbá pupa, táyà ṣì wà nílẹ̀. Ó kọjá ibi àpò aṣọ tó ń fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn. Mo rí i tí imú rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, tó tún padà wálẹ̀, bí arúgbó tó fẹ́ dìde lórí àga tí eékún ò jẹ́ fún un. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ṣùgbọ́n apá kò rí afẹ́fẹ́ tó ki tó máa fara tì. Lópin pápá wa, ọgbà wáyà ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn wáyà, àfonífojì ni.

"Gbéra," Mọ̀wọ̀n ń wí sínú, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. "Gbéra, jọ̀ọ́. Gbéra."

Páílọ́ọ̀tì pa iná ẹ́ńjìnnì. Táyà ké, èéfín bo gbogbo ìdí bàálù, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ inú koríko, ó dúró. Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, mo rí wáyà níwájú imú rẹ̀. Kò jìnnà síra. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ létí mi, kó kọ́kọ́ lọ dúró lójú fèrèsé yẹn.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn padà lójú oòrùn, ọmọdébìnrin olóyún ń sunkún, Màmá fi ọwọ́ kan dì í mú, ọwọ́ kejì ṣì gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra. Bàtà rẹ̀ kan ti sọnù sínú koríko. Páílọ́ọ̀tì ló wọlé gbẹ̀yìn. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Ta ló wọn èrò lónìí?"

"Èmi ni, sà."

"Gbogbo wọn ló gun òṣùwọ̀n?"

Mọ̀wọ̀n yíjú sí òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni Màmá ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ó mú ẹsẹ̀ kan tó wọ bàtà àti èkejì tó wà lásán, ó bọ́ síwájú.

"Gbogbo wa la gùn ún," ó wí. "Èmi fúnra mi gùn ún. Ọmọ mi yìí ló wọ̀n mí. Kò ṣe nǹkan kan."

Ó purọ́. Ìyá tó funfun lórí, tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú, purọ́ lójú gbogbo èèyàn nítorí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó sì pè é ní ọmọ. Mo wo ojú ọkùnrin náà, mo sì gbé ojú mi kúrò. Ó dà bíi pé mo ká a mọ́lé níbi tó ti ń wẹ̀.

"Mo gbọ́, mà," páílọ́ọ̀tì wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ó lè jẹ́ òṣùwọ̀n ló bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un gùn, ká lè mọ̀."

Màmá gbé báàgì sílẹ̀ kó lè gòkè, báàgì náà sì dún gbì, ilẹ̀ abẹ́ tábìlì mi mì. Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ báyìí ni àna rẹ̀ wó lulẹ̀ síwájú òṣùwọ̀n. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ìkíni. Ṣe ló ṣubú.

"Ẹ má gùn ún, mà. Ẹ má gùn ún." Ó gbójú sí páílọ́ọ̀tì. "N ò wọn Màmá, sà. Ojú ń tì mí láti ní kí wọ́n gùn ún. Àwọn àgbà tó kù, mo wọ̀n wọ́n, ṣùgbọ́n mo bu díẹ̀díẹ̀ kúrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bù ú."

Alágbàrù tó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Dìde," Màmá wí. Kò dìde. "Nítorí èmi lo ṣe ṣe é? Torí kó o lè bọ̀wọ̀ fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O fẹ́ fọ̀wọ̀ pa mí." Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. "Ọmọ ọlọ́mọ yìí jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pe ìyá rẹ̀, èmi ń sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, àna mi ló ń gbé bàálù sókè. Irú ọ̀wọ̀ wo ló wá jẹ́ tí kò níwọ̀n báyìí?"

Ó yí ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó gun òṣùwọ̀n tòun tẹrù. "Kà á. Ké e síta, bó o ṣe ń ké e."

Ó dìde lórí eékún. Ó wo ẹ̀yìn pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

"Ọgọ́rùn-ún... ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rìnlá."

Páílọ́ọ̀tì ṣí báàgì. Ọlọ ni, ọlọ òkúta dúdú tòun tọmọ rẹ̀, tí Màmá fi aṣọ ìkókó wé. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "Òkúta ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ò le," Màmá wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, òun náà ti wá ń tijú. "Ẹ̀yin lẹ ní òkúta." Páílọ́ọ̀tì wá tún gbogbo wọn wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí Mọ̀wọ̀n bù kúrò, tí a kó jọ, ó ju odidi àgbà ọkùnrin kan lọ. Ẹni yẹn ti wọ bàálù, ó ti jókòó láàárín wọn, kò gba tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó rí i.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mú un kúrò nídìí òṣùwọ̀n, wọ́n fún un ní àdá, pé kó máa gé koríko pápá, kó máa lé ewúrẹ́. Wọ́n fi òṣùwọ̀n kún iṣẹ́ tèmi. Àwọn kan rò pé Màmá á lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò lọ. Ilé àna rẹ̀ ló padà sí. Ìyàwó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun lórí tábìlì kan náà, wọn ò gbúròó ara wọn, àfi ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, òtútù mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu wa. Màmá kò dúró de ẹnikẹ́ni kó pè é. Ó bọ́ bàtà, ó gun òṣùwọ̀n, ó ní kí n ké e síta. Mo ké e. Ẹ̀rù ni láti pe ìwọ̀n ìyá àgbà lójú gbogbo èèyàn. Ahọ́n mi náà fẹ́ bu mẹ́ta mẹ́rin kúrò, n ò sì ní parọ́ fún yín, mo lóye ọkùnrin náà nígbà yẹn. Ọlọ ò sí nínú báàgì mọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò yíká. "Mọ̀wọ̀n dà?"

Ó ti gbọ́ ọ, ó sì ti fi sẹ́nu. Ọkùnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá pupa nínú koríko tó tutù, àdá lọ́wọ́. Màmá jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é.

"Mọ̀wọ̀n!"

Ó sáré wá. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Màmá fọwọ́ dá a dúró.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Gbé báàgì mi."

Ó gbé e, ó tẹ̀ lé e dé ìdí bàálù, kò dọ̀bálẹ̀, mo sì rí i pé kò mọ ohun tó máa fi ara rẹ̀ ṣe. Bàálù sáré. Kó tó dé àgbá pupa, ilẹ̀ ti já kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó gun afẹ́fẹ́ tútù yẹn bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Mọ̀wọ̀n dúró níbẹ̀ títí tí a ò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́.

Ọlọ náà wà nílé ìdáná Mọ̀wọ̀n dòní. Màmá a máa pè é lórí fóònù, á béèrè ọmọ, á béèrè iṣẹ́, á ṣàdúrà fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n kò pè é ní àna mi àtàtà mọ́. Gbogbo ìlú ti ń pe ọkùnrin yìí ní Mọ̀wọ̀n láti ọdún gbọ́nhan, wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Màmá nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín tó bá pè é, tirẹ̀ nìkan ló sì ń dùn ún. Lọ́jọ́ kan tí fóònù dún nígbà tí a jọ jókòó, mo gbọ́ ohùn Màmá ketekete: "Mọ̀wọ̀n." Ó dìde dúró kó tó dá a lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Mà," ó wí.